Ohùn Ẹ̀yà Ọ̀tá nínú Ìtàn Àròsọ: Láti Ẹnu Apàlọ́ dé Orí Asọ̀rọ̀mágbèsì

Àṣamọ̀

Ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ni ó ti wà lórí àwọn iwin àti ẹbọra inú lítíréṣọ̀ Yorùbá, ṣùgbọ́n ìrísí wọn ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn iṣẹ́ náà máa ń gbé yẹ̀wò: iye ojú wọn, gíga wọn àti ohun tí wọ́n wọ̀ sọ́rùn. Etí ni iṣẹ́ yìí fi yẹ̀ wọ́n wò. Ó tọpasẹ̀ ohùn ẹ̀yà yìí láti inú àlọ́ apagbè dé inú ìwé D. O. Fágúnwà, orí ìtàgé Kọ́lá Ògúnmọ́lá àti rédíò. Ó sì fi wọ́n wé àwọn Dalek, ẹ̀yà ọ̀tá tí ó ti wà nínú ìtàn àròsọ onísáyẹ́ǹsì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti ọdún 1963. Ohun tí iṣẹ́ yìí rí ni pé ohùn ni ó ń mú irú ẹ̀yà bẹ́ẹ̀ pẹ́ láyé, àti pé ohùn tí ẹnikẹ́ni kò bá gbà sílẹ̀ kì í padà wá. Ní ìparí, ó dábàá ohun tí àwọn olùkọ́ ní Ìkọ̀lé, Ọ̀yẹ́, Ìdó àti agbègbè wọn lè ṣe.

1. Ìfáàrà

Bí ọmọdé kan bá sọ pé òun ń bẹ̀rù iwin, tí a bi í pé níbo ni ó ti rí i, kò ní rí ìdáhùn kan fọ̀. Kò rí i rí. Gbígbọ́ ni ó gbọ́ ọ: lẹ́nu ìyá àgbà, lẹ́nu ẹ̀gbọ́n, tàbí lẹ́nu olùkọ́ tí ó ń ka ìwé fún wọn ní kíláàsì. Etí ni ẹ̀rù náà gbà wọlé kí ọkàn tó yàwòrán rẹ̀. Ohun tí a lè fi ojú rí tán, ẹ̀rù rẹ̀ a máa dínkù, ṣùgbọ́n ohun tí a gbọ́ ohùn rẹ̀ tí a kò rí ara rẹ̀, kálukú ni yóò fi ohun tí ó ń bà á lẹ́rù jù lọ ṣe ara fún un.

Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí a bi ara wa ní ìbéèrè mẹ́ta. Báwo ni apàlọ́ àti òǹkọ̀wé Yorùbá ṣe ń mú kí etí mọ̀ pé ẹni tí ń sọ̀rọ̀ kì í ṣe ènìyàn? Kí ni ó ṣẹlẹ̀ sí ohùn yìí nígbà tí ó kúrò ní agbo àlọ́ bọ́ sínú ìwé, orí ìtàgé àti rédíò? Kí sì ni olùkọ́ lè ṣe kí ó má bàa parun?

2. Iwin gẹ́gẹ́ bí ẹ̀yà

Iwin, ẹbọra, ọ̀rọ̀, egbére, ànjọ̀nú: orúkọ wọn pọ̀, bẹ́ẹ̀ ni ìgbàgbọ́ Yorùbá kò kà wọ́n sí ohun kan náà. Síbẹ̀ nínú ìtàn àròsọ, ẹ̀yà kan ni wọ́n jọ jẹ́ ní ìdojúkọ ọmọ ènìyàn. Wọ́n ní ìlú, wọ́n ní ọba, wọ́n ní òfin, wọ́n sì ní ààlà tí ọdẹ kò gbọ́dọ̀ kọjá láìjẹ̀bi. Igbó ni ilé wọn. Ọdẹ tí ó bá wọ ibẹ̀ ti di àlejò tí a kò pè.

Ohùn wà lára ohun tí a fi ń dá àwọn kan mọ̀ nínú wọn. Egbére ni àpẹẹrẹ tí ó hàn jù. Ènìyàn kúkurú tí ó gbé ẹní lọ́wọ́ ni wọ́n ń pè é, ṣùgbọ́n ẹkún rẹ̀ ni a kọ́kọ́ ń gbọ́ kí a tó rí ẹní náà rárá. Ìdí nìyí tí a fi ń sọ fún ọmọ tí ó bá ń sunkún ṣáá pé ó ń sunkún bí egbére.

Ó yẹ kí a fi kún un pé ẹ̀yà yìí kì í ṣe ọ̀tá pátápátá. Nínú Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀, bí Agbákò ṣe ń bá Àkàrà-ògùn jìjàkadì ni Ìrànlọ́wọ́, tí òun náà kì í ṣe ọmọ aráyé, ń gbà á lọ́wọ́ ewu. Inú igbó kan náà ni ọ̀tá àti olùrànlọ́wọ́ ń gbé. Kókó yìí yóò ṣe pàtàkì nígbà tí a bá dé ọ̀rọ̀ àwọn Dalek.

3. Ohùn iwin lẹ́nu apàlọ́

Ẹnu kan ṣoṣo ni apàlọ́ ní, ó sì gbọ́dọ̀ fi í ṣe ọdẹ, ìyàwó ọdẹ, ajá, Ìjàpá àti iwin. Ọgbọ́n mẹ́rin ni ó ń lò.

Èkíní ni ìyípadà bí ohùn ṣe ń jáde. Apàlọ́ a máa ranmú, a máa há ọ̀nà ọ̀fun, tàbí kí ó gbé ohùn rẹ̀ jinlẹ̀. Olùgbọ́ Yorùbá ti mọ èyí tẹ́lẹ̀, nítorí ohùn egúngún náà kì í ṣe ohùn ojoojúmọ́: ó há, ó sì ń ti ọ̀fun wá, kí àwọn tí ó gbọ́ ọ lè mọ̀ pé ará ọ̀run ni.

Èkejì ni ọ̀rọ̀ àfarawé-ìró. Nínú ọ̀pọ̀ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, ohùn òkè ń bá ohun kékeré rìn, ohùn ìsàlẹ̀ sì ń bá ohun ńlá rìn. Ríbítí kéré, rìbìtì tóbi. Bíríkítí ṣeé gbé lọ́wọ́, bìrìkìtì dí ojú ọ̀nà. Nítorí náà, apàlọ́ tí ó bá fẹ́ kí iwin ńlá jáde kò ní láti wọn gíga rẹ̀. Bí ó bá ti ní ilẹ̀ ń mì gbìgbìgbì, àwọn ọmọdé yóò sún mọ́ ara wọn.

Ẹ̀kẹta ni orin. Nínú àlọ́ ọdẹ tí ó sá gorí igi, tí àwọn ará igbó sì ń gé igi náà láti ìdí, orin ni ọdẹ fi ń pe àwọn ajá rẹ̀ tí ó fi sílẹ̀ nílé. Ohùn ni ó fẹ́ pa á, ohùn náà ni ó gbà á. Bí orin náà bá kùnà láti dé etí àwọn ajá, ọdẹ ti kú nìyẹn.

Ẹ̀kẹrin ni ègbè, òun sì ni ó jinlẹ̀ jù. Àwọn tí ń gbọ́ àlọ́ kì í dákẹ́. Láti ìgbà tí apàlọ́ bá ti ké àlọ́ ni wọ́n ti ń dáhùn, àwọn ni wọ́n sì ń gbe orin. Ọmọ tí ń bẹ̀rù iwin ni ó tún ń bá ọdẹ pe ajá. Ègbè ń sọ ẹ̀rù di ohun tí gbogbo agbo jọ gbé, kò sí ẹnikẹ́ni tí ó dá bẹ̀rù.

4. Fágúnwà: ìwé tí ń dún

Òkè-Igbó ni wọ́n ti bí Daniel Ọlọ́runfẹ́mi Fágúnwà, ní ọdún 1903. Olùkọ́ ni, Kristẹni sì ni. Ọdún 1938 ni Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ jáde. Igbó Olódùmarè àti Ìrèké Oníbùdó tẹ̀lé e ní 1949, Ìrìnkèrindò nínú Igbó Elégbèje ní 1954, Àdììtú Olódùmarè sì ní 1961. Ó di olóògbé ní oṣù Kejìlá ọdún 1963.

Bí a bá wo bí ó ṣe to Ògbójú Ọdẹ, a óò rí i pé kò fẹ́ kí ìwé náà dákẹ́. Ẹnì kan ni ó wá bá òǹkọ̀wé, tí ó ní kí ó mú gègé àti tákàdá, kí ó máa kọ ohun tí òun ń sọ sílẹ̀. Nígbà tí ìtàn náà ń lọ ní ọjọ́ kejì àti ìkẹta, ọ̀pọ̀ ènìyàn ti pé jọ láti gbọ́. Fágúnwà gbé agbo àlọ́ wọ inú ìwé tòun ti apàlọ́ àti olùgbọ́.

Àwọn ẹ̀dá igbó rẹ̀ náà, ẹlẹ́nu ni wọ́n. Òótọ́ ni pé ojú mẹ́rìndínlógún ni Agbákò ní, ṣùgbọ́n kì í jà láìkọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Àwọn ọdẹ àti ẹbọra a máa bá ara wọn fa ọ̀rọ̀, wọn a fọ́nnu, wọn a pe ọfọ̀, kí wọ́n tó dìmú. Èyí kò yàtọ̀ sí ìṣe àwọn ọdẹ gidi, tí ìjálá wọn jẹ́ iṣẹ́ ohùn. Nínú àwọn ọdẹ tí ó lọ sí Òkè Lángbòdó, ẹnì kan wà tí ń jẹ́ Olóhùn-iyọ̀. Orúkọ yìí fi hàn pé Fágúnwà ka ohùn dídùn mọ́ ohun ìjà, gẹ́gẹ́ bí kùmọ̀ Kàkó.

Nígbà tí Wọlé Ṣóyínká túmọ̀ ìwé náà sí èdè Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1968, ó ní láti ṣẹ̀dá àwọn orúkọ tuntun fún àwọn ẹ̀dá wọ̀nyí, nítorí àwọn orúkọ tí ó wà nílẹ̀ nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì kò gbé ìró àti ìtumọ̀ wọn.

5. Láti inú ìwé dé orí ìtàgé

Amos Tutùọlá gba ọ̀nà mìíràn. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ó fi kọ ìtàn Ọ̀mu tí ó jáde ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1952, ṣùgbọ́n àlọ́ Yorùbá ni ó kún inú rẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn ni ti ọmọbìnrin tí ó tẹ̀ lé arẹwà ọkùnrin kan wọ igbó, tí ọkùnrin náà sì ń dá ẹ̀yà ara tí ó yá padà títí ó fi ku agbárí nìkan. Owó ẹyọ kan ni agbárí náà so mọ́ ọrùn ọmọbìnrin yìí. Bí ó bá fẹ́ sá, owó ẹyọ náà a figbe ta. Òun fúnra rẹ̀ kò sì lè fọhùn mọ́. Ẹ kíyè sí i pé ohùn ni ọ̀tá yìí kọ́kọ́ gbà lọ́wọ́ ẹni tí ó mú lẹ́rú, tí ó sì fi ariwo mìíràn rọ́pò rẹ̀.

Láti ọdún 1956 ni Tutùọlá ti ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ rédíò ìjọba àpapọ̀ ní Ìbàdàn. Ní 1963, Kọ́lá Ògúnmọ́lá gbé ìtàn náà sórí ìtàgé ní Yunifásítì Ìbàdàn, ó sì sọ ọ́ di eré olórin ní èdè Yorùbá. Ọmọ Èkìtì ni Ògúnmọ́lá. Òkèmẹ̀sí ni wọ́n ti bí i ní ọdún 1925, olùkọ́ sì ni kí ó tó di òṣèré. Pẹ̀lú rẹ̀, àlọ́ tí ó ti di ìwé Gẹ̀ẹ́sì tún padà di ohùn Yorùbá, ìlù àti orin, ègbè náà sì padà sẹ́nu àwọn òṣèré. Àwọn ẹ̀dá igbó wá ní ẹsẹ̀ tí ń jó àti ẹnu tí ń kọrin.

Ó yẹ kí a kíyè sí ohun tí ó tẹ̀ lé e. Ní ọdún 1968, ilé ẹ̀kọ́ ìmọ̀ nípa ilẹ̀ Áfíríkà ní Ìbàdàn tẹ ọ̀rọ̀ eré náà jáde ní Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì, láti ọwọ́ R. G. Armstrong, Robert Awújọọlá àti Val Ọláyẹmí. Ògúnmọ́lá di olóògbé ní 1973. Nítorí pé àwọn kan jókòó gbọ́, tí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ òde òní ṣì lè mọ ohun tí wọ́n sọ lórí ìtàgé náà.

6. Asọ̀rọ̀mágbèsì

Orúkọ tí Yorùbá sọ rédíò, asọ̀rọ̀mágbèsì, jẹ́ lámèyítọ́ nínú ara rẹ̀. Ó ń sọ̀rọ̀, kì í gba èsì. Láti ọdún 1935 ni ìjọba amúnisìn ti ń fi wáyà pín ohùn rédíò sí ilé ní Èkó. Ìbàdàn tẹ̀ lé e ní 1939. Nígbà tí tẹlifíṣàn bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá ọdún 1959, ọ̀pọ̀ ilé ti mọ̀ pé ohùn lè wọlé láìsí ara.

Rédíò bá ìtàn iwin mu ní ọ̀nà kan: òkùnkùn ni ibùgbé méjèèjì. Ṣùgbọ́n ó gba ohun kan lọ́wọ́ rẹ̀, ìyẹn ni ègbè. Ọmọ tí ó dá jókòó ti rédíò kò ní agbo tí yóò bá a gbé ẹ̀rù.

7. Àwọn Dalek: àpẹẹrẹ láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì

Ní oṣù Kejìlá ọdún 1963, oṣù kan náà tí Fágúnwà kú, ni àwọn Dalek kọ́kọ́ jáde nínú Doctor Who, eré tẹlifíṣàn BBC. Terry Nation ni ó kọ ọ́, Raymond Cusick ni ó ya bí wọ́n ṣe rí. Ẹ̀dá tí kò ní ojú, ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ bí ti ènìyàn ni wọ́n, nínú ẹ̀wù irin tí ń yọ́ rìn nílẹ̀. Wọ́n gbà pé ẹ̀yà tiwọn nìkan ni ó yẹ kí ó wà láyé. Nation, tí ogun àgbáyé kejì bá ní ọmọdé, sọ pé àwọn Násì ilẹ̀ Jámánì ni òun ní lọ́kàn.

Ohùn wọn ni ó sọ wọ́n di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká. Peter Hawkins àti David Graham ni wọ́n kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ fún wọn, Brian Hodgson sì fi ẹ̀rọ yí ohùn náà padà. Iṣẹ́ ẹ̀rọ náà kò ṣòro láti lóye. Ó gba ohùn òṣèré, ó gba ìró kan tí ń gbọ̀n ní nǹkan bí ìgbà 30 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ó sì fi ọ̀kan sọ èkejì di púpọ̀, tí ohun tí ó jáde fi ń gbọ̀n bí irin. Ọmọdé tí ó bá ti sọ̀rọ̀ sẹ́nu fáànù tí ń yí ti gbọ́ ohun tí ó fara pẹ́ ẹ.

Ìtàn ohùn wọn kò dúró sórí tẹlifíṣàn. Ní 1979, BBC gbé ọ̀kan nínú àwọn eré wọn, tí ó ti jáde lórí tẹlifíṣàn ní 1975, sínú àwo rẹ́kọ́ọ̀dù, wọ́n sì fi apìtàn kan kún un kí etí lè mọ ohun tí ojú kò rí. Láti ọdún 2000, ilé iṣẹ́ Big Finish ń ṣe eré Dalek tí ó jẹ́ ohùn nìkan, pẹ̀lú Nicholas Briggs tí ń fi ẹnu kan sọ̀rọ̀ fún ọ̀pọ̀ Dalek. Òun kan náà ni ó ń sọ̀rọ̀ fún wọn lórí tẹlifíṣàn láti 2005. Apàlọ́ ni, àfi pé ó ní ẹ̀rọ.

Síbẹ̀ ìyàtọ̀ wà. Kò sí Ìrànlọ́wọ́ láàárín àwọn Dalek. Ohùn kan ni gbogbo wọn ní nítorí pé èrò kan ni gbogbo wọn ní. Ẹ̀dá igbó Yorùbá ní tirẹ̀ ní orúkọ, oríkì àti ìwà. Ó ṣeé bá dúnàá-dúrà, ó ṣeé tàn, ó sì ṣeé fẹ́.

Ìyàtọ̀ kejì jẹ mọ́ èdè. Dalek lè sọ gbolóhùn kan lórí ìró kan ṣoṣo, kí Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ sì yéni. Ẹ̀dá tí ń sọ Yorùbá kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Bí a bá sọ ohùn òkè, àárín àti ìsàlẹ̀ di ọ̀kan, a kò ní mọ̀ bóyá ọkọ ni ó ń bèèrè, tàbí ọkọ́, ọkọ̀ tàbí ọ̀kọ̀. Ìdí nìyí tí apàlọ́ fi ń ranmú tàbí há ọ̀fun: ó ń yí àwọ̀ ohùn padà, ó ń fi ìgòkè àti ìsọ̀kalẹ̀ ohùn sílẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe eré onísáyẹ́ǹsì fún rédíò ní Yorùbá lónìí gbọ́dọ̀ mọ èyí, bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀ ẹ̀rọ yóò bá a jẹ ìtumọ̀.

8. Ohun tí ó nù àti ohun tí ó kù

Ní àwọn ọdún 1960 àti 1970, BBC nu ọ̀pọ̀ téèpù Doctor Who kí wọ́n lè tún wọn lò. Eré The Power of the Daleks ti 1966 wà lára èyí tí àwòrán rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ parun tán. Ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kò nù. Àwọn ọ̀dọ́ kan tí wọ́n fẹ́ràn eré náà ti gbé ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ síwájú tẹlifíṣàn ilé wọn, tí wọ́n gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Ohùn gbogbo apá eré tí àwòrán rẹ̀ nù ni ó kù báyìí. Ní ọdún 2016, wọ́n yàwòrán tuntun lé ohùn The Power of the Daleks. Ilé iṣẹ́ ńlá ni ó sọ ọ́ nù. Àwọn tí kò gba owó oṣù nítorí rẹ̀ ni wọ́n tọ́jú rẹ̀.

Ní ìhà àríwá Èkìtì, ọ̀rọ̀ náà le ju èyí lọ, nítorí pé àlọ́ púpọ̀ kò tilẹ̀ dé orí téèpù rí. Ìrè-Èkìtì, tí ìtàn sọ pé Ògún, òrìṣà àwọn ọdẹ, wọlẹ̀ sí, wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀yẹ́. Àgbà tí ó ń pa àlọ́ ọdẹ níbẹ̀, tàbí ní Ìtàpájì, Ìpaò, Ìṣàn tàbí Usi, ẹ̀ka èdè tirẹ̀ ni ó fi ń pa á. Ugbó ni ọdẹ rẹ̀ ń wọ̀, ulé ni ó sì ń padà sí. Ìwé kíkà ilé ẹ̀kọ́ kò ní ohùn yìí. Ìlànà ìjọba náà kò sì dúró sójú kan: ní 2022 ni ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé kí wọ́n máa fi èdè abínibí kọ́ ọmọ ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ní oṣù Kọkànlá ọdún 2025 ni wọ́n fagi lé e. Olùkọ́ tí ó bá ń dúró de ìlànà yóò pẹ́ níbi tí ó dúró sí.

9. Ohun tí olùkọ́ lè ṣe

Àkọ́kọ́, akẹ́kọ̀ọ́ olùkọ́ tí ó bá lọ fún ìdánrawò iṣẹ́ olùkọ́ ní Ìkọ̀lé, Ọ̀yẹ́ tàbí Ìdó lè fi fóònù rẹ̀ gba àlọ́ kan sílẹ̀ lẹ́nu àgbà kan. Kí ó kọ́kọ́ gba àṣẹ. Kí ó sọ ọjọ́, ìlú àti orúkọ àlọ́ náà ní ìbẹ̀rẹ̀. Kí ó jẹ́ kí agbo pé kí ègbè lè wà nínú rẹ̀, nítorí àlọ́ tí a gbà sílẹ̀ nínú yàrá òfìfo kò tíì pé. Kí ó tọ́jú ẹ̀dà méjì sí ibi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Èkejì, nígbà tí ó bá ń kọ ọ́ sílẹ̀, kí ó má ṣe tún ẹ̀ka èdè àgbà náà ṣe. Kí ó kọ ọ́ bí ó ti dún, kí ó sì fi àkíyèsí sí i níbi tí ohùn bá ti yí padà: níhìn-ín ni ó ti ranmú, níhìn-ín ni ó ti há ọ̀fun.

Ẹ̀kẹta, ní kíláàsì, kí àwọn ọmọ di ojú gbọ́ ọ. Kí wọ́n sọ ẹni tí ń sọ̀rọ̀ àti ohun tí ó jẹ́ kí wọ́n mọ̀. Kí olùkọ́ dá ohùn náà dúró níbi ègbè, kí àwọn ọmọ gbè é. Báyìí ni asọ̀rọ̀mágbèsì yóò ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í gba èsì.

Àwọn òbí kan lè sọ pé ìtàn iwin kò bá ẹ̀sìn àwọn mu. Kí olùkọ́ má ṣe bá wọn jà. Kí ó ṣàlàyé pé lítíréṣọ̀ ni òun ń kọ́ wọn, pé olùkọ́ ni Fágúnwà tí ó kọ èyí tí ó lókìkí jù nínú wọn, onígbàgbọ́ sì ni. Ọmọ tí ó bá kọ́ bí a ṣe ń mọ ohùn ọ̀tá nínú ìtàn yóò tètè mọ̀ ọ́n bí ó bá gbọ́ ọ láàárín ènìyàn.

10. Àgbálọgbábọ̀

Iṣẹ́ yìí ti fi hàn pé iwin inú ìtàn Yorùbá àti Dalek ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì jọ gbára lé ohùn tí ó jọ ti ènìyàn tí kì í sì í ṣe ti ènìyàn. Ó fi hàn pẹ̀lú pé ohùn iwin ní ohun mẹ́ta tí ti Dalek kò ní: ìyàtọ̀ ìwà láti ẹ̀dá kan sí èkejì, ohùn òkè-àárín-ìsàlẹ̀ tí ń gbé ìtumọ̀, àti ègbè àwọn olùgbọ́. Yorùbá ní ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ní í fọ́. Ẹyin àlọ́ ṣì wà lọ́wọ́ àwọn àgbà díẹ̀ ní Ìkọ̀lé, Ọ̀yẹ́ àti Ìdó. Ọwọ́ mìíràn gbọ́dọ̀ wà nísàlẹ̀ kí tiwọn tó rọ̀.